Ẹ̀rí Tí A Fi Sí I Lẹ́nu

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ti ọkùnrin kan mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n lórí olè tí ilé ẹjọ́ kankan kò dá a lẹ́bi rẹ̀, ọjọ́ tó sì jáde, ìjọ tèmi ló dá a lẹ́bi.

Mo sojú abẹ níkòó báyìí nítorí pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò tún un ṣe. Wọ́n ní kí n rọra, pé olùkọ́ ni mí, pé ẹnu mi ti mú jù. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ìdáhùn nìkan ni n kò tíì gbọ́.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa jù níbẹ̀ ni pé bí a bá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí a bèèrè pé ta ló sọ ọ́, ta ló kọ ọ́ fún un, kí sì ni ẹni tó kọ ọ́ ń wá? Mo ti fi ìbéèrè wọ̀nyí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Òrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n fi bi ara mi, mo gbàgbé.

Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, ní Òdìgbò. Ọ̀kan lára àwọn alàgbà wa ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Kò pè é ní ẹgbẹ́ ajíhìnrere, kò pè é ní ẹgbẹ́ aláàánú. Alábàárìn ló pè wá. Iṣẹ́ náà yé ọmọdé: wọ́n á fún ọ ní ẹnì kan ṣoṣo nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, wàá máa lọ wò ó ní Sátidé méjì nínú oṣù, wàá bá a ka Sáàmù, wàá máa mú ìròyìn ilé lọ fún un. Bí ó bá jáde, wàá bá a rìn fún ọdún kan gbáko. Wàá mú un délé, wàá bá a kí àwọn èèyàn rẹ̀, wàá dúró tì í títí ilẹ̀ yóò fi tún mọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ alàgbà yìí, bó ti wù kí inú máa bí mi tó. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun náà ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ tó jáde, kò sẹ́ni tó dúró dè é lẹ́nu géètì. Ó wọ ọkọ̀ dé Òrè, ó jókòó ní gáréèjì, ó ń wo bí àwọn bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn ṣe ń já èrò sílẹ̀ kí wọ́n jẹun, tí wọ́n tún ń kó wọn lọ. Gbogbo èèyàn ló níbi tí wọ́n ń lọ, àfi òun. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ló bi í pé ta ló ń dúró dè láti àárọ̀, ìyá náà ló sì mú un lọ sí ilé àdúrà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí fún wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì fi ń parí rẹ̀: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jáde lẹ́wọ̀n kó wá máa wo bọ́ọ̀sì.

Ọkùnrin tí wọ́n fún mi jẹ́ ọmọ Omifunfun. Àgbẹ̀ kòkó ni, ó sì ń fi ọ̀kadà gbé èrò nígbà tí kòkó kò bá sí lórí igi. Mo ti ń retí pé yóò ní kí n bá òun wá lọ́yà, tàbí kí n ra ọṣẹ àti oògùn ara yíyún wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mi láti ẹ̀yìn irin ni, "Tíṣà, òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní ó ti rọ̀. Ó ní ṣé èyí tó wọlẹ̀ ni, àbí èyí tó kàn fọwọ́ kan ewé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá débẹ̀, òjò la ó kọ́kọ́ sọ kí a tó dé Sáàmù. Òjò ló fi ń ka ọdún kòkó tó ń kọjá lọ lẹ́yìn rẹ̀. Oko bàbá rẹ̀ tó ti kú ni, ìyá rẹ̀ nìkan ló kù tó ń bá a tọ́jú rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tí apá rẹ̀ kò ká ẹ̀ka òkè mọ́. Kò bá mi sọ pé òun fẹ́ dolówó tàbí pé òun fẹ́ gbẹ̀san. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni kó padà sídìí kòkó rẹ̀, kó ká a, kó sá a láàárín àwọn àgbẹ̀ yòókù bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dẹ́wọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwà ìrẹ́jẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan fọ́ ilé kòkó kan lójú ọ̀nà Àgọ́-Aláyè, wọ́n kó kòkó gbígbẹ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró ní oríta, ó gbé àpò kan lé e, ó ní kó gbé òun lọ sí Òrè. Wọn kò tíì dé Òrè tí ọlọ́pàá fi dá wọn dúró. Èrò bọ́ sílẹ̀, ó sáré wọgbó. Ọlọ́kadà kò sáré, nítorí pé kò mọ ohun tó yẹ kó sá fún. Òun ni wọ́n mú pẹ̀lú àpò kòkó náà. Ó ní òun kò tilẹ̀ bínú lọ́jọ́ yẹn, òun rò pé kí ilẹ̀ tó ṣú wọn yóò ti mọ̀ pé ẹni tó sá lọ ni wọ́n ń wá.

Wọn kò wá ẹni tó sá. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀kadà rẹ̀, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀kadà náà wà lẹ́yìn àgọ́ wọn, koríko ti gba àárín irin táyà rẹ̀ hù jáde. Mo fojú ara mi rí i. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi í pa mọ́ sẹ́wọ̀n títí ẹlẹ́rìí yóò fi wá. Ẹlẹ́rìí kò wá, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ sílé ẹjọ́ bàjẹ́, wọ́n tún sún un síwájú. Wọ́n gbé adájọ́ lọ síbòmíràn, ẹjọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọlọ́pàá tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ kan kóòtù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún kẹrin, adájọ́ tuntun wo ìwé náà, ó ní kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ẹ̀rí, ó fagi lé ẹjọ́ náà, ó ní kó máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó kí i kú ìyà. Wọ́n tú u sílẹ̀ bí ẹni ṣílẹ̀kùn fún ewúrẹ́.

Èmi àti alàgbà la jọ lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó jáde pẹ̀lú àpò náílọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́, ó sì dúró. A juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Ó ṣì dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ó ń retí kí ẹnì kan pàṣẹ fún un kó tó sọdá títì. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, bó ṣe ń ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn gbogbo nìyẹn: á dúró, á wojú ẹni.

Alàgbà fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ rán aṣọ funfun fún un, wọ́n ro púpurú, wọ́n sì jókòó tì í bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní gbogbo ara ọkùnrin yìí ni wọ́n tì mọ́lé o, àfi ikùn. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo rò pé a ti ń ṣe é yọrí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ló kàn. Ní ìjọ wa, ẹni tó bá ti ibi ìyà dé kì í kàn jókòó sí bẹ́ǹṣì. Yóò wọ aṣọ funfun, yóò kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, yóò jẹ́rìí nínú máìkì. Ẹ̀rí náà sì ní bó ṣe máa ń rí: ibi tí mo ti ṣẹ̀, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ gbé mi dé, bí Olúwa ṣe rí mi níbẹ̀. N ó sọ òótọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀ tí a kì í sọ. Ẹni tó bá ń jẹ́rìí láàárín wa a máa bu kún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí àánú Ọlọ́run lè tóbi. Ẹni tó mu ìgò ọtí kan yóò ní inú gọ́tà lòun ń sùn. Ẹni tó bá aládùúgbò rẹ̀ jà lẹ́ẹ̀kan yóò ní díẹ̀ ló kù kí òun pààyàn. A ó kígbe halelúyà, a ó lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀rọ̀ náà dá a lẹ́jọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀ṣọ́ ẹ̀rí ni, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìsìn náà, àwa mẹ́ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ alàgbà. Ọkùnrin náà ní ohun tí òun fẹ́ sọ kò pọ̀: wọ́n mú òun, òun kò jalè, Ọlọ́run pa òun mọ́, òun dúpẹ́. Alàgbà fetí sílẹ̀ dé òpin. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì kún. Ó ní ṣé ó fẹ́ sọ fún ìjọ pé áńgẹ́lì kan ni wọ́n tì mọ́lé fún ọdún mẹ́rin ni.

"Áńgẹ́lì kì í gun ọ̀kadà, sà," ni ọkùnrin náà fèsì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló tàn wá. Alàgbà ní bí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹ̀rí, àwọn èèyàn yóò rò pé ó ń gbéraga, pé ẹni tó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ìjọ máa ń gbé dìde. Ohun tó gbé òun náà dìde nìyẹn, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo mọ̀wé. Bá a tò ó."

Mo mú báírò. Ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn ni mo kọ ọ́ sí, n ó sì tún un kọ síhìn-ín bó ṣe rí gẹ́lẹ́: "Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo ṣẹ̀, nítorí ìwà tó gbé mi dé ẹ̀wọ̀n."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ta ni mo ṣẹ̀, Tíṣà?"

Mo ní bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ó wo alàgbà, ó wò mí, bó ṣe máa ń wojú ẹni lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà sápò. "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ta ló sọ ọ́, ta ló kọ ọ́ fún un, kí sì ni ẹni tó kọ ọ́ ń wá? Èmi ni mo kọ ọ́. Ohun tí mo ń wá ni pé kí ìsìn ọjọ́ Àìkú dùn.

Ó sì dùn. Ó kúnlẹ̀, ó mú àbẹ́là lọ́wọ́, ó ka gbólóhùn mi ketekete. Ariwo halelúyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù òrùlé. Àwọn obìnrin jó yí i ká. Ohun tí n kò rò ni pé ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà. Àwa la ránṣẹ́ pè wọ́n láti Omifunfun kí wọ́n wá bá wa yọ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, ẹni tó bá jẹ́wọ́ ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Mo rí àwọn méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, wọn kò jó, wọn kò sì pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ojú ń tì wọ́n ni, bó ṣe máa ń ti àlejò.

Mo mú un délé lọ́sẹ̀ náà. Ìyá rẹ̀ gbà á, oko rẹ̀ wà níbẹ̀, igbó ti gba ìdajì rẹ̀. Ó sán igbó náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí mo bá pè é lórí fóònù láti Òrè, kò tún bi mí nípa òjò mọ́. Òun ló ń sọ ti òjò fún mi. Nígbà tí àwọn kòkó díẹ̀ tó ṣẹ́kù pọ́n, ó já wọn, ó là wọ́n, ó kó hóró wọn jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n kan. Lọ́jọ́ tó yẹ kó sá wọn sóòrùn ni ó pè mí, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà níwájú mi. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Tíṣà, wọ́n ní kí n má sá a."

Ẹni tí kò bá mọ Omifunfun kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Pèpéle sìmẹ́ńtì ńlá kan wà láàárín àwọn ilé, orí rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń sá kòkó. Olúkúlùkù mọ ibi tirẹ̀. Kò sí ògiri láàárín, kò sí àmì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n á tẹ́ ẹ sóòrùn láàárọ̀, wọ́n á gba oko lọ, wọ́n á bá a níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọn kò fi ń bá olè kòkó ṣeré. Wọn kì í lù ú, wọn kì í fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n á kàn ní kó kó tirẹ̀ kúrò lórí pèpéle, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Kòkó tí kò bá róòrùn á bu, èyí tó bá bu kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ kòkó tí kò níbi tí yóò sá a sí, orúkọ lásán ló ń jẹ́.

Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo gun ọ̀kadà lọ, mo mú ẹ̀dà ìwé ilé ẹjọ́ dání. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló gbà mí lálejò. Òun ni olórí ẹbí, òun sì ni wọ́n ń fẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí pèpéle. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fún mi ní àga àti omi, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi kí ó tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Mo túmọ̀ ìwé náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ní lábẹ́ òfin, ẹni tí ilé ẹjọ́ kò bá dá lẹ́bi, aláìlẹ́bi ni.

Ó ní, "Ìwé yìí ní kò sẹ́ni tó wá sọ̀rọ̀. Kò sọ pé kò ṣe é. Èmi ò sí ní kóòtù, Tíṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì yín ni mo wà. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ, ó kúnlẹ̀, ó mú àbẹ́là lọ́wọ́."

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní àwa la kọ ọ́ fún un, pé bí a ṣe máa ń jẹ́rìí nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ inú ìjọ lásán ni. Kò gbé ohùn sókè.

"Ṣé ẹ ń sọ fún mi pé ó purọ́ níwájú pẹpẹ ni?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òpùrọ́ ni, èyí tó fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí irọ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, olè ni. Ọkùnrin tí à ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé, kò sì jáde. Bàbá náà ní kí n má rò pé òun kórìíra ọmọ àbúrò òun, pé ní ọdún kan wọ́n kó kòkó òun lọ lórí pèpéle yẹn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ òun ló wà nínú rẹ̀, ọmọ náà kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Mo gbà á gbọ́. N kò lè pe ẹni tó bẹ̀rù olè ní ẹni burúkú.

Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́bàá ògiri látìgbà tí mo dé. Ìgbà náà ló wá bi mí, ní ohùn Ìkálẹ̀ rẹ̀, pé ta ló kọ ìwé yẹn fún ọma òun.

Mo ní, "Èmi ni, màmá."

Ó mi orí, bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá. Kò bú mi. Ó dìde, ó lọ sórí pèpéle níbi tí kòkó tirẹ̀ wà, ó mú igi tí wọ́n fi ń tú kòkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè wà fún ti ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó rọra sọ fún un pé bí kòkó ọmọ yìí bá bọ́ sí àyè rẹ̀, àwọn yòókù yóò kó tiwọn kúrò, òun nìkan ni yóò kù síbẹ̀. Ìyá náà ń wọ́ kòkó lọ. Ọmọ rẹ̀ ló lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tó gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀." Ó tún tẹ́ kòkó ìyá rẹ̀ padà bó ṣe wà.

Ọ̀dọ̀ alàgbà ni mo gbà lọ láti ibẹ̀. Ohun méjì ni mo bẹ̀ ẹ́ fún. Èkíní, kí ìjọ jẹ́ kí ọkùnrin náà sá kòkó rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé àdúrà, ibi tí a máa ń bọ́ bàtà sí. Èkejì, kí alàgbà jáde lọ́jọ́ Àìkú, kó sọ pé gbólóhùn yẹn kì í ṣe ti ọkùnrin náà, pé àwa la fi sí i lẹ́nu. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ti sìmẹ́ńtì, ó ní ilẹ̀ mímọ́ ni, kò sí lọ́wọ́ òun nìkan, ìgbìmọ̀ ìjọ yóò jókòó lópin oṣù. Mo ní kòkó kì í dúró de ìpàdé. Ti èkejì, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn fún títí dòní.

"Bí mo bá ní ẹ̀rí ọjọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́, Tíṣà, ta ni yóò gba ẹ̀rí ẹlòmíràn gbọ́? Àwọn mìíràn ṣì wà lọ́hùn-ún tí à ń retí."

Mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ ojú wọn lẹ́yìn irin. Òótọ́ ni pé ẹ̀rí àwọn tó ti jáde ni àwọn ará ilé fi ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ọkùnrin yìí ni ẹ̀rí náà tì.

Àgbàlá ilé tí mo ń gbé ní Òrè la sá kòkó náà sí, lórí tapólì. Ó ti ń bu díẹ̀díẹ̀ kó tó dé, a ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò. Gbogbo àdúgbò ló ń gbóòórùn rẹ̀. Aládùúgbò mi kan ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti ń fi kòkó san owó oṣù tíṣà. Ọkùnrin náà máa ń wá láàárọ̀, á bọ́ bàtà, á sì máa fi ẹsẹ̀ tú kòkó náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, bí ẹni tó ń fa poro ebè. Lọ́jọ́ kẹta, alàgbà wọlé. Ó kàn kí wa ni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ bí a ṣe ń bọ́ ọ lẹ́nu ilé àdúrà, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó bọ́ sínú kòkó náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Àwọn méjèèjì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, títí oòrùn fi kọjá orí ilé. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, inú tó ń bí mi kò mọ ibi tí yóò dúró sí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo retí. Ó ka ìkéde, ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó jókòó. Mo pàdé rẹ̀ níta, mo bi í. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ti sọ ọ́, o rí mi."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ yín kò sọ ọ́ dé Omifunfun, sà. Máìkì lẹ fi sọ ọ́. Máìkì ni kí ẹ fi gbà á padà."

Kò bínú sí mi. Ó ní òun yóò gbé e dé ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ti jókòó lẹ́ẹ̀kan, ó ti jókòó lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, mo fi ẹ̀dà ìwé ilé ẹjọ́ sínú rẹ̀, mo fi ìwé ètò ìsìn tí mo kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin náà ti fi í pa mọ́, ó ní òun kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì máa bi òun. Wọn kò fèsì. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó mú un, mo bèèrè ọ̀kadà rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Mo bèèrè ibi tó lọ. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó títí wọ́n fi gbàgbé pé mo wà níbẹ̀.

Ní báyìí, kòkó àkókò ńlá ti ń pọ́n lórí igi. Èyí kì í ṣe ìwọ̀nba tó lè gba orí tapólì mi. Ọkùnrin náà ń sán ìdí igi, ó ń dúró. Ó ṣì ń kí àwọn ará Omifunfun lórí pèpéle láràárọ̀, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ìyá rẹ̀ kò tún fẹsẹ̀ kan ìjọ wa mọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bèèrè ní gbangba. Ẹ̀yin ọlọ́pàá tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀sùn, kí ló dí yín lọ́wọ́ láti wá ẹni tó sáré wọgbó, kí ló sì dí yín lọ́wọ́ láti wá sí kóòtù fún ọdún mẹ́rin? Ọ̀kadà rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ tú u sílẹ̀, ta ló yẹ kó sọ fún ẹbí rẹ̀ pé kò jẹ̀bi, àbí ẹ rò pé wọ́n á mọ̀ fúnra wọn? Ẹ̀yin àgbà Omifunfun, bí ẹni tó kọ ẹ̀rí náà bá wá kúnlẹ̀ níwájú yín, tó ní òun lòun kọ ọ́, ṣé ẹ ó gbọ́? Èmi ti múra, ẹ dá ọjọ́.

Ẹ̀yin alàgbà mi, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ: ẹ kọ́ wa pé ká má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde lẹ́wọ̀n kó máa wo bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin yìí ń wo pèpéle. Pẹpẹ náà ṣì wà níbẹ̀, máìkì náà kò bàjẹ́. Ta nínú yín ni yóò dìde sọ ọ́, ọjọ́ Àìkú wo sì ni?